Kí Igi Gbẹ Kí A Tó Gbẹ́ Ẹ: Omi Inú Igi Àwólulẹ̀ àti Àga Àlòpẹ́

Ìfáárà

Nígbà tí àgbà ńlá kan bá papò dà ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn a máa wí pé igi ńlá wó. Tẹbí-tará ni yóò péjọ láti ṣe ẹ̀yẹ fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ igi gan-an ni ó wó, bí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá fa ìrókò tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò lẹ́bàá ọ̀nà, tàbí bí àwọn tí ó ń la títì bá gé ọ̀gànwó tí ó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí àgbà àdúgbò, àáké àti ayùn ẹlẹ́ńjìnnì nìkan ni ó ń pàdé rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ohun tí ó gba ilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún láti hù ti di igi ìdáná àti èédú.

Nígbà mìíràn, káfíńtà kan a máa tètè débẹ̀. Yóò ra gẹdú náà, yóò gbé e lọ sí ilé ìlagi, yóò sì fi pákó rẹ̀ kan tábìlì tí ó dára lójú. Òjò ni a fi kan tábìlì náà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tábìlì a là láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa mì. Ìjà yóò wá bẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó ra tábìlì yóò wí pé, “Ọ̀gá káfíńtà, ṣebí ẹ sọ fún mi pé pákó yìí ti gbẹ?” Káfíńtà yóò dáhùn pé, “Ó gbẹ, Alàgbà. Ẹ̀yin náà fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà.”

Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ọ̀rọ̀ náà, gbẹ, ni wọ́n di ẹrù lé lórí ju agbára rẹ̀ lọ. Aṣọ ń gbẹ, odò ń gbẹ, ọ̀fun ń gbẹ, igi pẹ̀lú ń gbẹ. Ṣùgbọ́n gbígbẹ igi ní ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ohun tí ó ń ṣe sí pákó. Bí a kò bá ya àwọn ìpele wọ̀nyí sọ́tọ̀ nínú èdè tí ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́, igi tí a gbà lọ́wọ́ iná yóò tún ṣòfò lọ́wọ́ káfíńtà.

Igi tí ó yẹ ní gbígbà là

Kì í ṣe gbogbo igi tí ó wó ni ó yẹ ní sísọ di àga. Apá inú igi, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń ṣókùnkùn ju ti ìta lọ, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èyí ni ọkàn igi. Nígbà tí igi wà lóòró, ara funfun tí ó yí ọkàn ká ni ó ń gbé omi láti gbòǹgbò lọ sí ewé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èyí tí ó wà nínú lọ́hùn-ún a dẹ́kun omi gbígbé, igi a sì kó oje oríṣiríṣi sínú rẹ̀, èyí tí kò bá kòkòrò àti olú lára mu. Oje yìí ni ìrókò, apá àti òpèpè fi ń dúró níwájú ikán. Ara funfun kò ní irú rẹ̀. Sítáàṣì tí igi ń jẹ ni ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ara funfun ìrókò kò lágbára ju ti igi yẹpẹrẹ lọ, àìmọ èyí sì ti ba àga púpọ̀ jẹ́.

Afàrà àti arère fúyẹ́, wọ́n sì rọrùn láti fá. Wọ́n dára fún ohun inú ilé tí òjò àti ilẹ̀ tútù kò ní kàn. Apá wúwo, ó sì le, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Ìdí nìyí tí ó fi dára fún ilẹ̀kùn. Ìrókò wà láàárín. Ó ní ìṣòro tirẹ̀: nígbà mìíràn, òkúta líle a máa wà nínú rẹ̀, tí a kì í rí láti òde. Èròjà kan náà tí ó wà nínú ìkarahun ìgbín ni ó pọ̀ jù nínú òkúta yìí, ó sì ń sọ eyín ayùn di kúńdú. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò náà a máa yún ara, ó sì ń ta imú. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń là á bo imú àti ẹnu.

Igi ìgboro tún ní àrùn tirẹ̀, èyíinì ni ìṣó. Ẹni tí ó ń kan pátákó ìpolówó àti ẹni tí ó ń so okùn aṣọ ti kan ìṣó mọ́ ọn láti ọdún pípẹ́, igi sì ti dàgbà bò wọ́n. Níbi tí irin bá ti pàdé oje igi, àbàwọ́n dúdú a máa hàn lára pákó. Àmì yìí ni ọlọ́gbọ́n alagi ń wò kí ó tó ti gẹdú sẹ́nu ayùn.

Kò sí ìgbà tí irú igi báyìí níye lórí tó àkókò yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní ìlú Panama, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES fohùn ṣọ̀kan láti fi ẹ̀yà igi apá àti ti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà sínú Àfikún Kejì àdéhùn náà. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kó gẹdú tàbí pákó wọn kọjá ẹnu ibodè gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tí ó fi hàn pé gígé wọn kò wu ìran igi náà léwu. Èyí tí ìjì bá wó fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣòfò.

Ó tún yẹ kí a kíyè sí ohun kan nípa orúkọ. Ìrókò, afàrà, ìdígbó, òpèpè: orúkọ Yorùbá wọ̀nyí ni àwọn oníṣòwò gẹdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe àwọn igi náà títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti já àmì ohùn kúrò lórí wọn. Orúkọ igi Yorùbá ti rìn jìnnà. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń fi igi ṣiṣẹ́ ni kò tí ì bá a rìn.

Omi méjì inú igi

Bí a bá fi abẹ gé igi ní ìbú, tí a sì fi awò amúǹkantóbi wò ó, yóò jọ afárá oyin. Ihò wẹ́wẹ́ ni ó kún inú rẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní ògiri. Omi igi tútù pín sí ọ̀nà méjì. Apá kan wà nínú ihò gẹ́gẹ́ bí oyin ti í wà nínú afárá. Èyí ni omi-ihò. Apá kejì ti wọ inú ògiri fúnra rẹ̀. Èyí ni omi-ògiri. Ẹni tí ó ń fọ aṣọ mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Bí ó bá fún aṣọ, omi tí ń ṣàn yóò dá, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ṣì wà nínú òwú, ó sì di ìgbà tí a bá sá a kí ó tó kúrò.

Omi-ihò ni ó ń kọ́kọ́ lọ. Bí ó ti ń lọ, igi ń fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrú, kò sì tín-ín-rín. Nígbà tí ihò bá ṣófo tán tí ògiri sì kún fún omi síbẹ̀, igi ti dé ojú kan tí ó yẹ kí a máa pè ní ààlà-omi. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi, ààlà yìí wà ní nǹkan bí 28 sí 30 nínú 100. Láti ibẹ̀ lọ ni omi-ògiri ń jáde, ibẹ̀ náà ni ìsúnkì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú pákó lè ti kọjá ààlà-omi kí inú rẹ̀ tó súnmọ́ ọn rárá. Ìdí nìyí tí ọwọ́ tí a fi kan pákó kì í fi í ṣe ẹlẹ́rìí tí ó tó gbọ́kàn lé.

Òṣùwọ̀n ni ẹlẹ́rìí tòótọ́. A ó gé ègé kékeré láti àárín pákó, jìnnà sí ìpẹ̀kun rẹ̀, a ó sì wọ̀n ọ́n. A ó gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ jẹ́ 103 lórí òṣùwọ̀n Celsius títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dínkù mọ́. Bí ègé náà bá wọ̀n ní gíráàmù 900 nígbà tí ó tutù, tí ó sì wọ̀n ní 600 nígbà tí ó gbẹ táútáú, omi tí ó jáde jẹ́ 300. A ó fi 600 pín 300, a ó sì sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún: 50 nínú 100. Èyí ni ìwọ̀n-omi-igi. Nítorí pé ìwúwo igi gbígbẹ ni a fi ń pín in, ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀n-omi igi fífúyẹ́ kọjá 100, èyíinì ni pé omi inú rẹ̀ wúwo ju igi náà lọ.

Igi tí a ti là kò dúró sójú kan náà láéláé. Ó ń bá afẹ́fẹ́ dọ́gba. Bí ooru bá jẹ́ 27, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 80 nínú 100, bí ó ti sábà máa ń rí nígbà òjò, igi yóò fìdí kalẹ̀ sí nǹkan bí 16. Bí ọyẹ́ bá mú ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wá sí 40, tí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, igi yóò máa wá ọ̀nà lọ sí 7 tàbí 8. Nítorí náà, tábìlì tí a kàn nínú òjò kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni nígbà tí ó là nínú ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tẹ̀ lé.

Ìsúnkì

Igi kì í súnkì bákan náà ní gbogbo ọ̀nà. Ní òró, láti ìdí dé orí, ìsúnkì rẹ̀ láti tútù dé gbígbẹ táútáú kì í sábà ju 0.1 sí 0.3 nínú 100. Láti mùdùnmúdùn àárín igi lọ sí èèpo, ìsúnkì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni ìsúnkì ìtànṣán, nítorí ó ń lọ bí ìtànṣán oòrùn. Èyí tí ó pọ̀ jù ni ìsúnkì ìyípo, tí ó ń tẹ̀ lé òrùka igi yíká. Ti ìrókò kò tilẹ̀ burú: nǹkan bí 2.8 nínú 100 ní ìtànṣán, àti 3.8 ní ìyípo. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi mìíràn, ti ìyípo tó ìlọ́po méjì ti ìtànṣán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú tábìlì ìrókò tí ó fẹ̀ ní mítà 1 ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá kàn án nígbà tí ìwọ̀n-omi rẹ̀ jẹ́ 30, tí ó sì wá gbẹ dé 12 nínú yàrá, pákó tí a là gba ìyípo yóò pàdánù nǹkan bí mílímítà 23. Pákó tí a là gba ìtànṣán yóò pàdánù nǹkan bí 17. Bí ẹsẹ̀ tábìlì àti ìṣó bá di ojú tábìlì mú pinpin tí kò lè ráyè súnkì, kò sí ohun tí ó kù fún un ju pé kí ó là lọ. Ìdí kan náà ni odidi gẹdú tí a fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ fi ń là láti èèpo wọ àárín: yíyípo rẹ̀ ń fẹ́ kúrú ju bí inú rẹ̀ ti ń gbà á láyè lọ.

Láti ojú ìwó dé abẹ́ òrùlé

Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, tòkè ni a kọ́kọ́ ń gbé. Òwe ni, ṣùgbọ́n òfin iṣẹ́ ni pẹ̀lú. Igi tí ó wó, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì tẹ̀ mọ́lẹ̀, dà bí ọrun tí a fà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gé e nísàlẹ̀ lè fi ara gba ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tí a bá ti gé gẹdú sí ìwọ̀n, kí a kun ojú méjèèjì tí ayùn gbà ní ọ̀dà tàbí ìda ní ọjọ́ náà gan-an. Omi ń gba ojú yìí jáde ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju bí ó ti ń gba ẹ̀gbẹ́ lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹnu àwọn ihò ṣí sí. Kí a tètè là á sí pákó, kí a sì yọ mùdùnmúdùn sọ́tọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìlà sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Tító pákó ni ó kàn. Kí ìpìlẹ̀ ga sókè tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí ilẹ̀. Láàárín pákó sí pákó, kí a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbígbẹ tí ó nípọn ní mílímítà 25 sí i, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Igi-àlàfo ni orúkọ tí ó bá a mu. Kí àwọn igi-àlàfo wà lórí ara wọn ní òró gbọnrangandan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, nítorí ibi tí wọn kò bá ti bára mu ni pákó yóò ti tẹ̀. Kí òrùlé bò ó, kí oòrùn má pa á tààrà, kí ẹrù wúwo sì wà lórí rẹ̀. Pákó kan ni a ó fi ṣe ẹlẹ́rìí, tí a ó máa wọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá yí padà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti bá afẹ́fẹ́ dọ́gba. Nígbà náà ni a ó gbé e wọ inú ilé, kí ó mọ yàrá kí a tó fi ayùn kàn án lẹ́ẹ̀kejì.

Olú àti kòkòrò

Olú tí ń mú igi jẹrà kò lè gbilẹ̀ nínú igi tí ìwọ̀n-omi rẹ̀ kò tó 20. Ṣùgbọ́n kí igi tó dé ibẹ̀, olú mìíràn a máa fi àbàwọ́n tí ó jọ aró kun igi funfun bí arère. Kì í sọ igi di aláìlágbára, ẹwà rẹ̀ ni ó ń bà jẹ́. Gẹdú arère tí ó bá pẹ́ lórí ilẹ̀ nínú òjò kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti kòkòrò yàtọ̀. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé igi gbígbẹ gan-an ni wọ́n ń wá. Sítáàṣì inú ara funfun ni wọ́n ń jẹ, ihò wẹ́wẹ́ àti ìyẹ̀ ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí láti ayébáyé. Ìyẹ̀rosùn tí babaláwo ń dà sórí ọpọ́n Ifá, ìyẹ̀ igi ìrosùn tí kòkòrò ti jẹ ni. Kò sí ìdí tí onímọ̀ igi yóò fi máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn: ohunkóhun tí kòkòrò bá lọ̀ jáde láti inú igi, ìyẹ̀ ni. Bí káfíńtà bá rí ìyẹ̀ titun lábẹ́ pákó, kí ó mọ̀ pé àlejò ti wọ ilé. Gígé ara funfun dànù ni oògùn àkọ́kọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà àti káfíńtà

Ẹnì kan lè bèèrè pé: ṣebí igi tútù ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́, tí iṣẹ́ wọn sì ń pẹ́? Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó ń gbẹ́ odó tàbí ìlù ń ṣiṣẹ́ lára igi kan ṣoṣo. Igi tútù rọ̀ lábẹ́ irin ìgbẹ́gi, bí ó sì ti ń kó inú rẹ̀ jáde, mùdùnmúdùn ń bá a jáde. Ohun tí ó kù ní àyè láti súnkì. Ó ń gbẹ́ ẹ, ó sì ń gbẹ. Ti káfíńtà kò rí bẹ́ẹ̀. Igi púpọ̀ ni ó ń so pọ̀, òró èyí pàdé ìbú èkejì, olúkúlùkù sì ń súnkì ní ọ̀nà tirẹ̀. Ti káfíńtà, igi gbọ́dọ̀ gbẹ kí a tó gbẹ́ ẹ. Ohùn tí ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ya àga ọdún kan sọ́tọ̀ kúrò lára àga ìran mẹ́ta.

Bí igi tilẹ̀ gbẹ, àkókò òjò àti ọyẹ́ yóò ṣì máa mú un wú, wọn yóò sì máa mú un súnkì díẹ̀díẹ̀. Ìdè rere ni èyí tí ó gba igi láyè. Ihò àti ahọ́n, tí a gbẹ́ ẹnu ọ̀kan kí ó wọ inú èkejì, ń di ẹsẹ̀ àga mú láìsí ìṣó. Nínú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, kí a jẹ́ kí pákó àárín wà nínú ojú ipa láìfi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ìṣó tí à ń yí wọlé láti abẹ́ láti fi di ojú tábìlì mú, kí ihò rẹ̀ gùn díẹ̀ ní ìbú pákó, kí ó lè rọ́ra sún.

Igi tí ó wó kì í sábà wà láìní ìlà. Ọ̀pọ̀ ń gé ìlà dànù. Ẹnì kan tí kò gé e dànù ni George Nakashima, ọmọ Japan tí a bí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1905. Ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilé yíyà, ṣùgbọ́n inú àgọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ Japan sí ní ìpínlẹ̀ Idaho ní ọdún 1942 ni ó ti kọ́ iṣẹ́ igi jinlẹ̀ lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí wọ́n jọ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní New Hope, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Pákó gbàǹgbà tí ó ní kókó àti ìlà, tí àwọn mìíràn kọ̀, ni ó fi ṣe tábìlì. Ó ń gbẹ́ igi líle ní àwòrán labalábá tí ó na ìyẹ́ méjèèjì, a sì tẹ̀ ẹ́ sínú pákó kọjá lórí ìlà, kí ìlà má bàa fẹ̀ sí i. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1990, ìdè yìí ti di àmì iṣẹ́ rẹ̀. Káfíńtà ilẹ̀ Yorùbá tí ó bá ní ìrókò tí ó là lọ́wọ́ lè lo ìdè labalábá pẹ̀lú, bí ó bá ti jẹ́ kí igi náà gbẹ ná.

Àkójọ ọ̀rọ̀-iṣẹ́

Ìwọ̀n-omi-igi: ìwúwo omi inú igi, tí a fi ìwúwo igi gbígbẹ táútáú pín, nínú 100.
Omi-ihò: omi tí ó wà nínú ihò wẹ́wẹ́ igi.
Omi-ògiri: omi tí ó wọ inú ògiri ihò náà.
Ààlà-omi: ojú tí omi-ihò ti tán, tí omi-ògiri sì pé.
Igi tútù: èyí tí ìwọ̀n-omi rẹ̀ ju 30 lọ.
Igi ààbọ̀-gbẹ: láti 30 sí 20.
Igi gbígbẹ: èyí tí kò tó 20, tí ó sì ti bá afẹ́fẹ́ ibi tí yóò wà dọ́gba.
Igi gbígbẹ táútáú: èyí tí ó ti inú ààrò jáde, tí omi rẹ̀ jẹ́ òdo.
Ìsúnkì ìtànṣán: ìsúnkì láti mùdùnmúdùn sí èèpo.
Ìsúnkì ìyípo: ìsúnkì tí ó tẹ̀ lé òrùka igi.
Igi-àlàfo: igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ya pákó sí pákó nínú ìtò.

Ìgúnlẹ̀

Bí a bá wọn igi gbígbẹ, ohun tí ó tó ìdajì ìwúwo rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù tí igi náà fà láti inú afẹ́fẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí a bá sun ún, kábọ́ọ̀nù yìí padà sí afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ kan. Bí a bá sọ ọ́ di àga, yóò wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àga náà bá wà. Igi tí ó lo ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó wó, ó kéré tán ó yẹ kí ohun tí a fi ṣe lo iye ọdún bẹ́ẹ̀. Oṣù díẹ̀ tí ó fi dúró lábẹ́ òrùlé kò pọ̀ jù fún irú èrè yìí.

Ìjà káfíńtà àti oníbàárà pẹ̀lú yóò dínkù. Nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ ra tábìlì bá tún bèèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé pákó yìí ti gbẹ?”, káfíńtà kò ní sọ fún un mọ́ pé kí ó fọwọ́ kàn án. Yóò na ọwọ́ sí ìwé tí ó lẹ̀ mọ́ pákó ẹlẹ́rìí, yóò sì wí pé, “Alàgbà, 41 ni ó wà nígbà tí a là á. Lónìí, ó ti dé 13.”